OHÙN TÍ A YÁ: ǸJẸ́ Ẹ̀RỌ LÈ YIN ỌLỌ́RUN?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ìwé ìrántí yìí, ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Aládùúrà ni. Àwọn àgbà ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń sọ ọ́ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ báàsì ni.

Láyé àtijọ́, báàsì ìjọ ni àwọn bàbá olóhùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n máa ń jókòó sí ìlà ẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ akọrin. Lẹ́yìn náà ni gìtá báàsì dé. Nísinsìnyí, ẹ ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo: gìtá báàsì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù wà níwájú rẹ̀, nígbà mìíràn pátákó kan tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tún wà nílẹ̀. Ó lè máa fi ọwọ́ ta okùn, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ ohùn mìíràn tí kò ti ara okùn kankan jáde. Nígbà tó bá yá, ẹ ó gbọ́ fèrè, ẹ ó gbọ́ bí ẹni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ẹ ó wò yíká, ẹ ò ní rí afunfèrè, ẹ ò sì ní rí akọrin.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní irọ́ ni. Wọ́n ní ohùn tí kò ní olóhùn kò yẹ kó wọ ilé Ọlọ́run. Àwọn mìíràn ní ọ̀làjú ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí Ẹ̀mí lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí ìwọ̀n, kí a wo ibi tí yóò tẹ̀ sí.

1. KÍ NI OHUN ÈLÒ YÌÍ GAN-AN?

Ẹni tí kò mọ nǹkan kò lè dá a lẹ́jọ́. Gìtá báàsì oníná tó kọ́kọ́ tàn káàkiri ayé, Leo Fender ará Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1951. Kí ó tó dé, báàsì onígi tó ga ju ènìyàn lọ ni àwọn olórin ń gbé kiri. Okùn mẹ́rin ni ti Fender. Bí a bá ta èyí tó nípọn jù lọ, yóò gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mágnẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń sọ gbígbọ̀n náà di iná, ańpílífáyà ń mú iná náà lágbára, spíkà wá ń sọ ọ́ di ohùn. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iná wà níbẹ̀, okùn tòótọ́ ló gbọ̀n, ìka ènìyàn ló sì ta á.

Synthesizer yàtọ̀. Kò sí okùn nínú rẹ̀, kò sí awọ, kò sí èémí. Iná fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń mú kí ó máa gbọ̀n, wọn á wá máa sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, wọn á yọ èyí tí wọn ò fẹ́ kúrò, títí tí yóò fi jọ ohùn tí wọ́n ń wá. Robert Moog, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe tirẹ̀ ní 1964. Ẹ̀rọ ràgàjì ni nígbà náà. Ní 1970 ni Minimoog dé, èyí tí olórin lè gbé lọ sóde, kò sì pẹ́ tí àwọn olórin fi rí i pé ó ń dún báàsì tó jinlẹ̀ gan-an. Ní 1983, Yamaha ti Japan gbé kíbọ́ọ̀dù DX7 jáde. Ọdún yẹn náà ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fohùn ṣọ̀kan lórí MIDI, èyí tó jẹ́ kí ẹ̀rọ kan lè máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ mìíràn. Láti ìgbà yẹn, kíbọ́ọ̀dù kan di abà tí ohùn oríṣiríṣi kún inú rẹ̀.

Àwọn kan wá so méjèèjì pọ̀. Moog ṣe ohun èlò kan láàárín àwọn ọdún 1970 tí wọ́n pè ní Taurus, ọmọ mẹ́tàlá ló ní, ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Geddy Lee, oníbáàsì ẹgbẹ́ Rush ti Kánádà, di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí rẹ̀: ọwọ́ ń ta báàsì, ẹnu ń kọrin, ẹsẹ̀ ń tẹ Taurus, bí ó bá sì tó àkókò, á yí sí kíbọ́ọ̀dù. Àwọn mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ohùn wọn dà bí ti èrò púpọ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń ṣe nínú ìjọ lónìí, bí agbára wọn ti mọ.

2. OHÙN ÀYÁLÒ TI PẸ́ NÍ ILÉ ỌLỌ́RUN

Ẹ gbọ́ ná. Ṣé ẹ̀rọ Moog ló kọ́kọ́ yá ohùn ẹlòmíràn lò ni? Rárá o. Ẹni tó bá ti jókòó ti ọ̀gán ńlá ilé ìjọ rí yóò jẹ́rìí. Àwọn ọ̀pá kan wà lára rẹ̀ tí a ń fà. Orúkọ fèrè ni wọ́n kọ sára òmíràn, orúkọ kàkàkí àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ sára òmíràn, òmíràn tilẹ̀ wà tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn túmọ̀ sí ohùn ènìyàn. Afẹ́fẹ́ nínú ọ̀pá ni gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni olórin ọ̀gán sì fi ń tẹ báàsì. T.K.E. Phillips tẹ irú ọ̀gán bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, kò sì sí ẹni tó dìde láti sọ pé òpùrọ́ ni. Fela Sowande, tó kọrin lábẹ́ rẹ̀ nígbà èwe, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń tẹ ọ̀gán oníná Hammond ní òde orin, ó sì ń tẹ ọ̀gán ilé ìsìn pẹ̀lú. Ọ̀gán Hammond yẹn kò ní ọ̀pá afẹ́fẹ́ kankan. 1935 ló dé orí àtẹ.

Kí a tilẹ̀ fi òkè òkun sílẹ̀. Gángan tiwa ńkọ́? Igi àti awọ ewúrẹ́ ni. Síbẹ̀ ó ń pe ènìyàn lórúkọ, ó ń ki ènìyàn, ó ń bú ènìyàn pẹ̀lú bí ó bá wù ú. Ahọ́n ènìyàn ló yá. Nígbà tí àwọn ìjọ òyìnbó ń wo ìlù bí ohun ìbọ̀rìṣà, àwọn baba wa nínú Aládùúrà gba ìlù wọlé, wọ́n ní Ẹni tó dá igi tó sì dá ẹran ló ni ìlù. I.K. Dairo, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Aládùúrà, mú àkọ́díọ̀nù, ohun èlò àwọn ará Yúróòpù, ó fi ń dá orin jùjú, ó sì mú un sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé. Wọ́n fi oyè MBE ti Gẹ̀ẹ́sì dá a lọ́lá ní àkókò Ọbabìnrin Elizabeth, ní 1963.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lé kíbọ́ọ̀dù jáde nítorí pé ó ń fi ohùn jọ ohùn, kí ó kọ́kọ́ lé ọ̀gán àti gángan jáde. Bí a bá dúró síbí, ẹjọ́ ti parí, àwọn ọ̀dọ́ ti jàre. Ṣùgbọ́n kò tíì parí.

3. IBO NI IRỌ́ WÀ GAN-AN?

Ẹ rántí Jákọ́bù. Ó wọ ẹ̀wù Ísọ̀, ìyá rẹ̀ fi awọ ọmọ ewúrẹ́ bò ó lọ́wọ́, ó gbé oúnjẹ lọ bá bàbá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Bàbá arúgbó fọwọ́ kan an, ọwọ́ jọ ti Ísọ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ohùn jọ ti Jákọ́bù. Ó rú u lójú.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀? Ṣé awọ ewúrẹ́ ni? Awọ kò ṣẹ̀. Ṣé ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n ni? Ta ni kò wọ ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí? Ẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà tí bàbá béèrè pé ta ni ìwọ, tí ọmọ sì pe orúkọ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ohun tí a yá ti di ohun tí a fi jalè.

Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àyáwọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò bá fún ni lápá, a ṣo ni lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn àyálò. Kò sí ẹ̀bi nínú yíyá, bí ìjọ bá mọ̀ pé a yá a, tí ẹni tó yá a sì lè dìde kí ó sọ pé èmi ni mo lò ó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín gángan àti ohùn eégún nìyẹn. Onígángan dúró lójú agbo, a rí ojú rẹ̀, a rí ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ẹ̀kú fi ojú pamọ́, ó yí ohùn padà kí a má baà mọ̀ ọ́n. Oníbáàsì tó dúró níwájú ìjọ tí gbogbo ènìyàn ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pátákó, onígángan ni. Ṣùgbọ́n ìjọ tó fi kásẹ́ẹ̀tì tàbí kọ̀ǹpútà sẹ́yìn aṣọ, tí ẹgbẹ́ akọrin wá ń ṣí ẹnu lásán níwájú, kí a bi ara wa: ta ni wọ́n ń tàn? Ojú Ẹni tí wọ́n ń kọrin fún kò ṣókùnkùn bíi ti Ísákì.

4. ẸKỌ́ LÁTI ÌJẸ̀BÚ-IGBÓ

Àwa tí a wà ní agbègbè yìí kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Alhaji Haruna Ishola, baba àpàlà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò ní ìjọ. Títí ó fi kú ní 1983, kò fi gìtá sínú orin rẹ̀. Ìlù àpàlà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àgídìgbo ló ń lò. Àgídìgbo sì ni báàsì tiwa: àpótí igi, irin pẹlẹbẹ lójú rẹ̀, ìka ni a fi ń ta á, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń gbé gbogbo orin dúró. Kò béèrè iná, kò béèrè jẹnẹrétọ̀.

Ọkùnrin yìí kan náà ló dára pọ̀ mọ́ I.K. Dairo ní 1969 láti dá ilé-iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀, kí olórin lè jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mùsùlùmí kan, Aládùúrà kan, iṣẹ́ kan. Ní 1979, ó kọ́ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó níhìn-ín, ilé ìgbohùnsílẹ̀ onílà 24. Ìtumọ̀ ìlà 24 ni pé a lè gba ohùn mẹ́rìnlélógún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a tó dà wọ́n pọ̀. Bí ó bá wu ẹnì kan, ó lè gba ìlù lónìí, kí ó gba báàsì lọ́la, kí ó wá fi kíbọ́ọ̀dù lé e, kí òun nìkan di èrò.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tí kò gba gìtá láyè nínú orin rẹ̀ ló kọ́ ilé ẹ̀rọ tó ga jù lọ ní agbègbè rẹ̀. Ṣé ó tako ara rẹ̀ ni? Ní tèmi, kò tako ara rẹ̀. Ó mọ ohun tí ẹ̀rọ wà fún. Ẹ̀rọ gba ohùn àgídìgbo rẹ̀, kò gba ipò àgídìgbo rẹ̀. Àwọn baba wa ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Òwe tí ọkùnrin yìí pa fún wa nìyẹn.

5. ẸBỌ TÍ KÒ NÁNI NÍ NǸKAN

Nígbà tí Dáfídì fẹ́ rú ẹbọ ní ilẹ̀ ìpakà Àráúnà, onílẹ̀ fẹ́ fún un ní ilẹ̀, màlúù àti igi lọ́fẹ̀ẹ́. Ọba kọ̀. Ó ní òun kò ní mú ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan lọ síwájú Ọlọ́run òun. Ó sanwó kí ó tó rúbọ.

Ìwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn ẹ̀rọ nìyí. Oníbáàsì tó ń lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò dín kù, ó pọ̀ sí i ni. Kí ọwọ́ òsì máa di okùn mú, kí ọ̀tún máa ta á, kí ẹsẹ̀ wá máa rìn ní ọ̀nà mìíràn, kí ó má sì ṣe sọ orin nù, ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni. Ó ti sanwó. Iná ló ru ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn tirẹ̀ ni ẹbọ.

Ṣùgbọ́n àwọn kíbọ́ọ̀dù kan wà tí a óò tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo, ìlù yóò bẹ̀rẹ̀, báàsì yóò wọlé, gìtá yóò tẹ̀ lé e, olórin yóò sì káwọ́ gbera. Ohùn náà dùn, a kò jiyàn. Kí ni ó náni? Owó ìjọ nìkan. Bí àkẹ́kọ̀ọ́ bá ń fi í kọ́ṣẹ́ nílé, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ tó ní ìka mẹ́wàá bá sọ ọ́ di ìyìn tirẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, màlúù Àráúnà ló ń fi rúbọ.

6. ṢÉ Ẹ̀MÍ NI, TÀBÍ BÁÀSÌ?

Èyí ló wúwo jù, ẹ má bínú bí a bá sọ ọ́ gbangba. Ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe etí nìkan ló ń wọ̀. Bí ó bá ròkè tó, àyà ni ó ń lù, ilẹ̀ tí a dúró lé ń gbọ̀n. Báàsì ẹ̀rọ tilẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀ ju okùn gìtá lọ. Ara yóò gbọ̀n, omijé lè dà, ènìyàn lè ṣubú. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró ti spíkà ńlá ní òde àríyá mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó pe òde àríyá ní ìsọ̀kalẹ̀ Ẹ̀mí.

A kò sọ pé orin kò lè ṣílẹ̀kùn. Wòlíì Èlíṣà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n mú olórin wá kí ó tó sọ àsọtẹ́lẹ̀. Dáfídì ta háàpù, ara tu Sọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n Èlíjà rí ìjì, ó rí ilẹ̀ mímì, ó rí iná, Olúwa kò sí nínú wọn. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló tẹ̀ lé e. Nítorí náà, aṣíwájú tó bá ń ṣẹ́jú sí oníbáàsì pé kí ó tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i, kí èrò lè ṣubú, ó ń ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ mímì, ó sì ń fi orúkọ Ẹ̀mí pè é. Jákọ́bù ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, torí pé ẹni tí a tàn báyìí lè fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ dúró lórí ohun tí yóò pòórá nígbà tí wọ́n bá yọ wáyà.

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi dán an wò, àwọn ìjọ wa létí ọ̀sà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí iná bá lọ láàárín ìsìn, kí ni ó kù? Bí àdúrà bá ń tẹ̀síwájú, tí àtẹ́wọ́ gba ipò ìlù, tí àwọn bàbá olóhùn ìsàlẹ̀ sì gba ipò báàsì, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ń ran ìjọ lọ́wọ́ ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ pẹ̀lú iná, a jẹ́ pé iná ló ti ń gbàdúrà láti àárọ̀.

7. ÈYÍ TÓ KÙ FÚN WA LÁTI ṢE

Ohun kan náà lè tọ́ níhìn-ín, kí ó má tọ̀nà lọ́hùn-ún. Ìjọ kékeré kan ní Makun-Omi tí kò ní afunfèrè, tí ènìyàn mẹ́wàá péré ń kọrin níbẹ̀, àánú ni kíbọ́ọ̀dù jẹ́ fún wọn. Kí wọ́n yá ohùn fèrè, kí wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjọ ńlá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó bá ní afunfèrè mẹ́ta, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ jókòó nítorí pé bọ́tìnì ń ṣe iṣẹ́ wọn láìbéèrè owó ọkọ̀, a ti fi ohùn tí kò ní ọkàn lé ọkàn jáde. Ọkàn ni Olúwa wá rà. Ẹ̀rọ tó bá di àlàfo, ìbùkún ni. Èyí tó bá lé ènìyàn kúrò láyè rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ronú sí i.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ owó. Kí Dáfídì sanwó fún ẹbọ rẹ̀ dára. Kí a wá di ẹrù owó ẹ̀rọ lé opó tó ń ta gaàrí lórí, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé agbowó títí kò fi lè wá sí ìsìn mọ́, kò dára rárá. Báàsì tí a fi omijé opó rà, ohùn tí yóò máa ti inú rẹ̀ jáde kò ní dùn létí ọ̀run.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin wa, ẹ ta báàsì yín, ẹ tẹ kíbọ́ọ̀dù yín, ẹ fi ẹsẹ̀ kún un bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ kọ́ ọ kí ó yọ̀ mọ́ yín lára. Ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, pàápàá nígbà àdúrà. Ẹ lọ bá àwọn bàbá tó mọ àgídìgbo, kí ẹ kọ́ ọ kí wọ́n tó lọ. Ẹni tó bá mọ bí irin pẹlẹbẹ ṣe ń gbé orin dúró yóò mọ ohun tó yẹ kí òun fi ẹ̀rọ ṣe. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe pe ohun tí ẹ kò tíì mọ̀ ní irọ́. Ẹ súnmọ́ ọmọ náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí Ísákì ti béèrè pé: ta ni ìwọ, ọmọ mi? Bí ó bá lè pe orúkọ ara rẹ̀ láìtijú, ẹ gbé ọwọ́ lé e lórí, kí ẹ súre fún un.

Kí Olúwa gba ẹbọ ohùn wa, èyí tó jẹ́ tiwa àti èyí tí a yá. Kí àjọ̀dún yìí ṣojú ẹ̀mí gbogbo wa lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ilé dé àwọn àlejò wa láyọ̀, lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Àmín.